Fọ́tò ilé tó ń pe ayálégbé: ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Èmi ni mò ń bójú tó ilé ìyá mi kan ní Àkóbọ̀, n'Ìbàdàn níbí. Fúláàtì oníyàrá méjì tó wà lókè ti ṣófo, ibi iṣẹ́ ti gbé ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Mo gbé fọ́tò rẹ̀ sórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp mi, mo gbé e sí Facebook, mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn ń wò ó, àmọ́ ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé, "Mọ̀mí, ṣé ilé yìí ò ṣókùnkùn báyìí?" Ilé ò ṣókùnkùn rárá! Tẹ́ ẹ bá jókòó ní pálọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ẹ lè ka Bíbélì onílẹ́tà wínníwínní láìtan iná.

Tecno ni fóònù mi, kì í ṣe olówó gọbọi. Mi ò sì lówó tí màá fi pe ayàwòrán ńlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ilé síta rí, báwo lẹ ṣe ń ya tiyín tí èèyàn fi ń sọ pé òun fẹ́ wá wò ó? Kí ni kí n yà, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Mo Kàn Ń Kọjá Lọ:

Ẹ gbé àwọn fọ́tò náà wá ká rí i ná.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀:

Mo ti fi mẹ́ta sísàlẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Ayàwòrán Sáńgo:

Ẹ kú ìtọ́jú ilé, mọ̀mí. Ta ló máa rẹ́rìn-ín? Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe. Òde ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn onílé náà máa ń pè mí. Mo ti wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé yín ò ní wàhálà kankan, ibi tẹ́ ẹ dúró sí ni wàhálà wà.

Ẹ wo ti pálọ̀ yẹn. Ẹ kọjú sí fèrèsé tààrà. Fóònù rí bí ìta ṣe mọ́lẹ̀ tó, ó rò pé gbogbo yàrá ló mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé fi funfun báláú tí ògiri sì dúdú. Ẹ lọ dúró níbi fèrèsé gan-an, kẹ́ ẹ kẹ̀yìn sí i, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kẹ́ ẹ wá ya ògiri òdìkejì. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á bọ́ sára ohun tẹ́ ẹ̀ ń yà. Tí yàrá bá kéré débi pé fèrèsé ò ní ṣe kó má hàn, ẹ fi ìka kan ojú fóònù níbi tó dúdú jù. Àmì oòrùn kékeré kan á yọ síbẹ̀. Ẹ rọra fà á sókè títí tí ògiri á fi rí bó ṣe rí lójú yín. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí wọ́n kọ HDR sí nínú kámẹ́rà, ẹ tàn án. Òun ló ń bá èèyàn pa ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó dúdú pọ̀. Ẹ má mi ọwọ́ títí tó fi máa parí.

Ẹ má lo fíláàṣì. Ohun tó wà nítòsí ló ń ràn mọ́, ó sì máa ń fi ojú iná kan sórí táìsì àti díńgí.

Gílóòbù ńkọ́? Èmi máa ń pa á tó bá jẹ́ ọ̀sán. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù pupa àti ti oòrùn kì í bára wọn mu, ògiri funfun á wá máa ṣe bí ẹni tí ibà pọ́njú ń bá jà. Ṣùgbọ́n balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé tó dáa, ẹ tan tiẹ̀, kẹ́ ẹ fi gílóòbù funfun síbẹ̀.

Ẹ mọ ibi tí ojú ilé kọ sí kẹ́ ẹ tó yan aago. Tó bá kọjú sí ìlà oòrùn, àárọ̀ lẹ máa ya ìta rẹ̀, láàárín aago 8 sí 10. Tó bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ dúró di bí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án gangan, orí ni oòrùn Ìbàdàn ń wà, òjìji òrùlé á wá bo gbogbo iwájú ilé. Inú ilé yàtọ̀ sí èyí: yàrá tí oòrùn bá ń wọ̀ tààrà, ẹ jẹ́ kó kúrò lójú fèrèsé náà ná. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú díẹ̀ tí òjò ò sì rọ̀, iṣẹ́ inú ilé ló dára fún jù lọ. Lásìkò ọyẹ́, ẹ ya ìta lọ́jọ́ tí eruku bá rọlẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ nu fèrèsé.

Ó ku bẹ́ ẹ ṣe ń di fóònù mú. Ẹ fi í dùbúlẹ̀, ẹ má gbé e nàró. Ẹ má gbé e dé ojú kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe nìyẹn, ògiri á sì máa dà bíi pé ó fẹ́ wó. Ẹ gbé e sí àárín àyà àti ìdodo, kó dúró ṣánṣán. Ní ilé ìdáná nìkan lẹ máa gbé e sókè díẹ̀, kí orí kántà lè hàn. Igun yàrá tàbí ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ dúró sí, kí ògiri méjì àti ilẹ̀ díẹ̀ hàn. Nínú sẹ́tín kámẹ́rà, ẹ tan àwọn ìlà tó máa ń pín ojú fóònù sí mẹ́sàn-án, kẹ́ ẹ fi férémù ilẹ̀kùn wọ̀n ọ́n. Tí férémù bá bá ìlà lọ, fọ́tò yín ò wọ́ nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ojú kámẹ́rà. Mo rí òróró ìka lára àwọn mẹ́ta tẹ́ ẹ gbé wá yẹn.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀:

Háà. Òróró ìka ti hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ayálégbé Tó Ti Rẹ̀:

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń wá ilé lọ́wọ́ báyìí sọ ohun tójú mi ń wá. Gbogbo bí bùrọ̀dá Sáńgo ṣe kà á ló dára, ṣùgbọ́n fọ́tò pálọ̀ kọ́ ló ń mú mi pe onílé. Tọ́lẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ilé tí wọ́n ya pálọ̀ rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin tí wọn ò ya tọ́lẹ́ẹ̀tì, mo ti mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ tí wọn ò fẹ́ kí n rí. Ẹ yà á, kẹ́ ẹ pa ìdérí rẹ̀ dé, kẹ́ ẹ kó korobá àti búrọ́ọ̀ṣì kúrò nílẹ̀. Kí ẹnu ẹ̀rọ omi hàn, kí ibi tí omi ń gbà jáde nílẹ̀ hàn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa yà á, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kí omi máa dà. Mo rí ẹnì kan tó ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni mo fi tẹ nọ́ńbà rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, omi fúnra rẹ̀. Ṣé kànga ni àbí bọ́ọ̀hóòlù? Ẹ ya tánkì. Lẹ́yìn omi, iná. Ẹ ya mítà, kí n mọ̀ pé fúláàtì náà ní tiẹ̀, pé kì í ṣe mítà kan ni gbogbo ilé jọ ń lò. Àìmọye ìjà ló ti ti ibẹ̀ wá láàárín ayálégbé méjì. Tí àdúgbò yín bá wà ní Band A, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò. Àwọn yẹn ló yẹ kí iná máa wà fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, àti láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti fowó kún iná wọn, a máa ń béèrè. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé á fara mọ́ ọn. Tí ẹ ò bá sí ní Band A, ẹ má parọ́. Ọjọ́ tá a bá wá wò ó, aládùúgbò ló máa sọ fún wa.

Ilé ìdáná: ibi tí gáàsì máa dúró, àti fèrèsé tí èéfín máa gbà jáde. Yàrá: wọ́dúróòbù, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó yà á. Kí sọ́kẹ́ẹ̀tì hàn lára ògiri. Kẹ́ ẹ sì ya ohun téèyàn ń rí láti ojú fèrèsé. Tó bá jẹ́ ògiri fẹ́ǹsì ni, ká mọ̀.

Ìbínú mi nìyí. Ẹ́jẹ́ǹtì kan gba owó lọ́wọ́ mi kó tó mú mi lọ wo ilé kan ní Ológunẹ̀rù. Nínú fọ́tò, yàrá yẹn gbòòrò débi pé mo ti ń ro ibi tí màá gbé tẹlifíṣàn sí. Nígbà tá a débẹ̀, tí mo bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi sílẹ̀, ilẹ̀kùn ò ní ṣí tán. Wọn ò sì dá owó náà padà.

Ẹ́jẹ́ǹtì Bódìjà:

Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe gbogbo wa ló rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi. Iṣẹ́ wa ò ṣe é ṣe láìlo kámẹ́rà tó ń fẹ̀, èyí tí wọ́n kọ 0.5 sí lójú fóònù. Balùwẹ̀ ilé wa, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní 6 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ibo ni kí n dúró sí tí gbogbo rẹ̀ á fi wọ fọ́tò? Tí mo bá lo kámẹ́rà lásán, abọ́ ìfọwọ́ nìkan ni màá rí yà. Ayálégbé á tún wá sọ pé mo fi nǹkan pa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹni tí ò bá tẹ ojú fọ́tò ò lè wá wo ilé. Àìmọye fọ́tò lèèyàn ń rí lórí PropertyPro àti Nigeria Property Centre láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Tí tèmi ò bá fà á mọ́ra, ti ẹlòmíràn á fà á.

Ayàwòrán Sáńgo:

Ẹ̀gbọ́n, balùwẹ̀, mo gbà. Ilé ìdáná tóóró, mo gbà. Yàrá àti pálọ̀, mi ò gbà. 0.5 yẹn máa ń na ohun tó bá wà létí fọ́tò, tó bá jẹ́ àga ló wà níbẹ̀ á gùn bíi bẹ́ńṣì. Ògiri tó wà níwájú á sì sá lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ lo 1x, kámẹ́rà lásán yẹn, kẹ́ ẹ ya yàrá lẹ́ẹ̀mejì láti igun méjì tó kọjú síra wọn, ayálégbé á fojú ara rẹ̀ so wọ́n pọ̀. Kẹ́ ẹ wá kọ ìwọ̀n sábẹ́ rẹ̀: yàrá yìí, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 11. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà nígbà tó bá débẹ̀.

Ọ̀nà míì tún wà. Ẹ gbé àga oníke kan sínú yàrá tó ṣófo. Gbogbo wa la mọ bí àga oníke ṣe tóbi tó, ojú á ti fi wọn yàrá. Yàrá tí kò ní nǹkan kan nínú máa ń ṣòroó wọ̀n lójú fọ́tò.

Lọ́yà Àdúgbò:

Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àga ò sí lára ilé o. Mo ti rí i tí ayálégbé ń béèrè fíríìjì tó rí nínú fọ́tò.

Mo Kàn Ń Kọjá Lọ:

Lọ́yà, kí lẹ wá sọ fún un? 😂

Lọ́yà Àdúgbò:

Fíríìjì ayálégbé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ó ti kó o lọ.

Bàbá Kápẹ́ńtà:

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ fóònù. Kí lẹ máa fi fóònù yà tí ẹ ò bá tíì tún ilé ṣe? Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí, mo ti tún ilé ṣe káàkiri Ìbàdàn, láti Mọ́níyà dé Olúyọ̀lé, ẹ jẹ́ kí n fẹnu bà á.

Ìyá Ìbejì, nínú fọ́tò kejì yín, mo rí sílìn yàrá. Ìlà àwọ̀ ilẹ̀ kan wà lókè igun ọwọ́ òsì, ó yí bíi ṣéènì. Òjò ni. Òrùlé ń jò níbẹ̀, ó lè jẹ́ ìṣó páànù kan ló yọ, ó sì lè jẹ́ páànù ọ̀hún ló ti dípẹtà. Ẹ má wulẹ̀ fi ọ̀dà bò ó kẹ́ ẹ wá yà á. Òjò àkọ́kọ́ ló máa gbé e padà wá, ayálégbé á sì ti wọlé nígbà náà, òun àti ẹ̀yin lẹ jọ máa wà níbẹ̀. Ẹ pe ẹni tó mọ páànù kó gun òkè lọ wò ó, kẹ́ ẹ pààrọ̀ pákó sílìn ibẹ̀ tó bá ti rọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó wá kun ún.

Àwọn nǹkan kéékèèké ni owó wọn ò tó nǹkan: ọwọ́ ilẹ̀kùn tó já, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ya, ìdérí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó fọ́, gílóòbù tó kú. Gbogbo wọn ló ń hàn nínú fọ́tò, ẹni tó ń wò ó á sì sọ pé onílé yìí ò ní tún nǹkan ṣe tí mo bá kó wọlé. Ẹ fi ìgbálẹ̀ gígùn gbá jàǹkáriwọ̀ igun àjà. Àárín táìsì tó ti dúdú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ọ̀dà tó ta sí férémù fèrèsé, ẹ fi abẹ rọra họ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kun ọ̀dà tuntun, ẹ lo funfun tàbí àwọ̀ kíríìmù. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin obìnrin fẹ́ràn àwọ̀ òdòdó yẹn, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ yàrá di kékeré.

Lóde náà, ewéko tútù tó bá ti hù sára ògiri fẹ́ǹsì lásìkò òjò, ẹ ha á kúrò. Ẹ gé koríko. Kẹ́ ẹ sì sọ fún ayálégbé ìsàlẹ̀ kó bá yín ká aṣọ tó sá kúrò lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ sílìn yẹn, ojú yín mà mú o. Màá pe oníṣẹ́ páànù lọ́sẹ̀ yìí.

Ọmọ Ìbàdàn ní Peckham:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, ilé wa wà ní Ring Road n'Ìbàdàn, àbúrò mi obìnrin ló ń bá mi ṣe é. Ohun kan tí mo rí kọ́ níbí ni pé lórí Rightmove, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó ilé níbí, ọ̀pọ̀ ìpolówó ilé ló ń ní àwòrán ìlà ilé lábẹ́ fọ́tò: ibi tí yàrá wà, ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí, ibi tí balùwẹ̀ wà. Kì í ṣe ohun tó le. Àbúrò mi fi bírò yà á sórí ìwé, ó fi téèpù wọn yàrá, ó ya ìwé náà ní fọ́tò, ó sì fi kún un. Ẹni tó wá gba ilé sọ pé òun ti mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì òun máa dúró sí kóun tó wá wò ó.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òfin sọ pé ìpolówó ilé gbọ́dọ̀ sọ bí ilé ṣe ń jẹ iná tó, láti A títí dé G. Ilẹ̀ wa ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ilé yín bá ní sólà tàbí tó bá ní ibi tí wọ́n ti gbé wáyà ínfátà sí, ẹ yà á. Owó ńlá ni lójú ayálégbé.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun bíi tèmi: ẹ má jẹ́ kí ẹ́jẹ́ǹtì nìkan ló ń ya fọ́tò ilé yín. Ẹ rán ẹbí lọ, kẹ́ ẹ jẹ́ kó pè yín lórí fídíò kó máa rìn láti yàrá dé yàrá, kẹ́ ẹ máa tọ́ ọ sọ́nà ibi tó máa dúró sí.

Lọ́yà Àdúgbò:

Ìyá Ìbejì, tiyín rọrùn torí pé ilé ti ṣófo. Ẹ̀yin tí ayálégbé ṣì wà nínú ilé, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ ò lè ṣàdédé ṣílẹ̀kùn wọlé lọ ya fọ́tò torí pé ẹ̀yin lẹ kọ́lé. Títí tí ọjọ́ rẹ̀ fi máa pé, òun ló ni ìgbé ibẹ̀, abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sì dáàbò bo àṣírí ènìyàn nínú ilé rẹ̀. Ẹ wo àgírímẹ́ńtì yín bóyá ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ lè mú èèyàn wá wo ilé kó tó kó jáde. Bó bá wà níbẹ̀ náà, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ fi ọjọ́ àti aago tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù kí ẹ̀rí wà. Tó bá gbà, ẹ má ya fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ tó wà lára ògiri, ẹ má ya yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ tó ní orúkọ ilé ìwé wọn. Oògùn orí fíríìjì náà, ẹ fi sílẹ̀.

Lóde, ẹ ṣọ́ra fún ọmọ aládùúgbò tó ń ṣeré, àti nọ́ńbà mọ́tò tó dúró sínú ọgbà. Mítà tí àbúrò wa ní kẹ́ ẹ yà, ẹ fi ìka bo nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ́jẹ́ǹtì Bódìjà:

Lọ́yà ti mú mi rántí àwọn jìbìtì. Èyí ṣe pàtàkì, mọ̀mí. Àwọn kan máa ń ṣa fọ́tò ilé olóòótọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi owó tó kéré sí i, wọ́n á ní kí ayálégbé kọ́kọ́ san owó kí ẹlòmíràn má bàa gbà á. Ọjọ́ tí èèyàn bá fẹ́ kó wọlé ni á wá rí i pé onílé ò mọ̀ ọ́n rí. Àwa tí a jẹ́ ẹ́jẹ́ǹtì ni wọ́n máa wá bú.

Ẹ kọ orúkọ ìnagijẹ yín àti nọ́ńbà yín sára fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kó fẹ́lẹ́, kó sì wà láàárín. Tó bá wà ní igun, wọ́n á gé e kúrò. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ilé tàbí orúkọ àdúgbò lára géètì hàn. Kẹ́ ẹ sì fi fọ́tò kan pa mọ́ tí ẹ ò ní gbé síbì kankan, bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tàbí inú wọ́dúróòbù. Tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé òun ló ń bá yín polówó ilé, ẹ ní kó fi fọ́tò ibẹ̀ hàn yín.

Ohun kan tún wà: fóònù máa ń kọ ibi tẹ́ ẹ ti ya fọ́tò pa mọ́ sínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, ó máa ń bá a lọ. Ẹ pa location nínú sẹ́tín kámẹ́rà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀:

Orí mi ti kún o. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tó kù. Èwo ni kí n fi ṣe àkọ́kọ́? Mélòó ni kó jẹ́? Kí ló dé tí fọ́tò mi fi ń ṣú lójú tí mo bá ti gbé e sórí WhatsApp? Ìkẹyìn, tí mo sì ń bẹ̀rù: ọ̀nà tó wọ àdúgbò wa ò tíì ní ọ̀dà. Ṣé kí n yà á?

Ayálégbé Tó Ti Rẹ̀:

Ẹ yà á.

Ẹ́jẹ́ǹtì Bódìjà:

Ẹ má yà á. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rí ilé kó fẹ́ràn rẹ̀. Tó bá débẹ̀ á fúnra rẹ̀ rí ọ̀nà.

Ayálégbé Tó Ti Rẹ̀:

Á rí i lẹ́yìn tó ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ìwó Road. Owó ọkọ̀ ta ni ẹ fi ń ṣeré?

Bàbá Kápẹ́ńtà:

Ẹ yà á, Ìyá Ìbejì. Ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà kọ́ ló ń lé ará Ìbàdàn, omi ni. Ojú mi ni odò Ọ̀gùnpa ṣe kún ní 1980 tó gbé ilé àti èèyàn lọ. Àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà rí ti oṣù kẹjọ 2011. Àwọn òbí wọn ló kọ́ wọn pé kí wọ́n béèrè ibi tí omi ń gbà kí wọ́n tó san owó ilé. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá dá, ní bíi wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ ya ojú ọ̀nà àti gọ́tà iwájú ilé. Tí omi bá ti fà, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ilé yín wà lórí òkè, kí lẹ ń bẹ̀rù?

Ayàwòrán Sáńgo:

Ti bàbá ni mo tẹ̀ lé. Mọ̀mí, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún mi. Èyí tó bá mọ́lẹ̀ jù nínú pálọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣíwájú. Iwájú ilé ò ní ṣe àkọ́kọ́, torí òkè ni fúláàtì yín wà, kì í ṣe gbogbo ilé lẹ̀ ń gbé síta. Lẹ́yìn pálọ̀, yàrá méjèèjì, ilé ìdáná, tọ́lẹ́ẹ̀tì, balùwẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìta: iwájú ilé, ibi ìgbọ́kọ̀sí, tánkì, mítà, ojú ọ̀nà. Bíi 10 sí 15 ti tó. Ẹ má ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin.

WhatsApp máa ń fún fọ́tò kó lè fúyẹ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ tẹ HD tó wà lókè. Èyí tẹ́ ẹ máa gbé sí Facebook, inú gálárì fóònù yín ni kẹ́ ẹ ti mú un, ẹ má mú èyí tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́ padà sí yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún un, kẹ́ ẹ tọ́ ọ tó bá wọ́. Ẹ má fi fílítà kankan sí i. Ẹ má sì pa òpó iná tó wà níwájú fèrèsé rẹ́, fóònù òde òní lè ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n òpó náà á ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá.

Ẹ ya fídíò kan náà, ìṣẹ́jú kan ti pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, kẹ́ ẹ rọra rìn, kẹ́ ẹ má máa ju fóònù sọ́tùn-ún sósì. Ẹ má fi orin sí i, kí wọ́n gbọ́ bí àdúgbò ṣe ń dún.

Lọ́yà Àdúgbò:

Kẹ́ ẹ kọ iye owó ilé sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú owó àgírímẹ́ńtì, kọmíṣọ́nnù àti owó ìdógò fún ohun tó bá bàjẹ́, tó bá wà. Ìpolówó tí kò ní iye owó, àwọn èèyàn á máa bi yín "èló ni?" títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ayálégbé Tó Ti Rẹ̀:

Màmá Ìbejì, èló gan-an ni? Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa mú èèyàn wò ó, àbí mo tún máa san owó fún ẹnì kan?

Ìyá Ìbejì Àkóbọ̀:

Èmi fúnra mi ni, ọmọ mi, kò sí owó ìwòlé kankan. Jẹ́ kí oníṣẹ́ páànù kọ́kọ́ ṣe sílìn, kí n sì ya àwọn tuntun. Fi nọ́ńbà rẹ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, màá fi fọ́tò ojú ọ̀nà ṣáájú.